Ẹja Òkun Kì í Ṣe Àga Ìjókòó

Ìjà ni mo gbé wá lónìí, ẹ má wulẹ̀ wò mí lójú. Àwọn tí mo fẹ́ bá jà ni àwọn tó ń ta táńkì ẹja òkun fún ẹni tí kò mọ̀ ju kó sanwó lọ, tí wọ́n á ní, "Fi kékeré bẹ̀rẹ̀, bí ọwọ́ rẹ bá ti mọ́ ọn, wàá gba ńlá." Bí mo bá bá wọn jà tán, ó kan àwa tí à ń rà á. Àwa náà ò sunwọ̀n. A rò pé kíkó láti inú táńkì kékeré bọ́ sínú ńlá dà bí ìgbà tí ènìyàn kó kúrò ní yàrá kan lọ sí fúláàtì: ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì, ẹ gbé àga, ẹ gbé ìkòkò ọbẹ̀, ó parí. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe. Ohun tí ojú mi rí kò ṣe é fi pamọ́.

Ọmọ Èpẹ́ ni mí. Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé, ní Peckham, bọ́ọ̀sì ni mo sì ń wà. Apẹja ni bàbá mi lórí ọ̀sà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì ń ta ẹja ní ọjà Olúwo títí di òní olónìí. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ ẹja, ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Ibẹ̀ gan-an ni ìwà òmùgọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀, mo sì máa padà síbẹ̀.

Kí ni nǹkan ọ̀hún gan-an? Ẹni tí kò bá tíì rí i rí, kó fojú inú wo àpótí gíláàsì tí omi iyọ̀ kún inú rẹ̀, tí iná aláwọ̀ búlúù ń tàn lórí rẹ̀, tí òkúta òkun wà nílẹ̀ rẹ̀, tí iyùn sì ń dàgbà lórí òkúta náà. Iyùn mà ni mo wí! Iyùn tí àwa mọ̀, èyí tí àwọn ọba ń so mọ́rùn, eegun ẹ̀dá kan tó ti kú ni. Láti òkun Mẹditaréníà ni àwọn Potogí ti ń kó o wá fún àwọn baba ńlá wa láyé àtijọ́. Èyí tó wà nínú táńkì kò tíì kú. Ẹranko ni. Ó ní ẹnu, ó ní ọwọ́ wẹ́wẹ́ tó fi ń mú oúnjẹ, ó sì gba ewéko kan tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lálejò sínú ẹran ara rẹ̀. Ewéko yìí ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ, ó sì ń bu fún onílé. Ṣùgbọ́n bí omi bá gbóná jù, tàbí tí ìmọ́lẹ̀ bá le jù, àárín wọn á dàrú, iyùn á lé àlejò rẹ̀ jáde, òun náà á wá funfun bí eegun. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, á kú. Ohun tó bá àpáta iyùn ńlá tó wà ní Ọsirélíà, Great Barrier Reef, nìyẹn ní 2016, 2017, 2020, 2022 àti 2024, nígbà tí òkun gbóná kọjá bó ti yẹ. Bí òkun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò bá lè gba ìyẹn mọ́ra, ẹ sọ fún mi, kí ni táńkì ẹsẹ̀ bàtà méjì fẹ́ fi gbà á mọ́ra?

Ní 2020, nígbà kónílé-ó-gbélé àrùn kòrónà, a ò dá iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà dúró, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wà nílé, wọ́n ń fojoojúmọ́ jà. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Dàpọ̀, ẹ wá nǹkan tí àwọn ọmọ yìí á máa wò yàtọ̀ sí fóònù." Bí ọ̀rọ̀ ẹja ṣe wọlé nìyẹn. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan (mi ò ní dárúkọ rẹ̀, wọn kì í ṣe ọ̀tá mi), ọmọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ sì fi táńkì 54 lítà hàn mí. Ó gùn ní 60 sẹ̀ǹtímítà, ó fẹ̀ ní 30, ó ga ní 30. Ó ní èyí ló dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Mo dúpẹ́, mo sanwó, mo gbé e lé èjìká bí ẹni gbé àgbò ọdún délé.

Irọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ̀yin ènìyàn mi. Táńkì kékeré ló ṣòro jù. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀, torí ìṣirò kì í ṣe ojúsàájú. Omi òkun máa ń ní nǹkan bíi 35 gíráàmù iyọ̀ nínú lítà kan. Omi inú táńkì ń gbẹ lójoojúmọ́, iyọ̀ kì í gbẹ. Bí lítà mẹ́ta bá gbẹ nínú táńkì 54 lítà mi láàárín ọjọ́ mélòó kan tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, iyọ̀ tó wà nínú lítà kọ̀ọ̀kan ti kúrò ní 35, ó ti lé ní 37. Ẹja á mọ̀ ọ́n lára, iyùn á káwọ́ kò. Bí lítà mẹ́ta kan náà bá gbẹ nínú táńkì tó gba 345 lítà, kí ló dé? Láti 35 sí 35 àti díẹ̀ ni. Kò sí ẹja tó máa mọ̀. Bí ìgbín kan bá sì kú sẹ́yìn òkúta tí ẹ ò rí i, májèlé tó máa tú sínú omi á le ju ìlọ́po mẹ́fà lọ nínú táńkì kékeré. Oòrùn ọ̀sán kan tó bá wọlé láti ojú fèrèsé á sọ omi kékeré di omi ìwẹ̀ ìkókó kí ẹ tó ti ibi iṣẹ́ dé. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ wà tí wọ́n ń fi táńkì 20 lítà ṣe ohun ẹwà. Àgbà ọ̀jẹ̀ ni wọ́n! Ta ló ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀ wà ní ọkọ̀ tí ìjánu rẹ̀ kò dára?

Kí wá ló dé tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀? Owó rẹ̀ kéré lẹ́nu ọ̀nà ni. Ẹni tó bá gbọ́ iye táńkì ńlá á yí padà lọ sílé. Ẹni tó bá gbọ́ ti kékeré á fọwọ́ sápò. Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, bí ìyọnu bá ti sú u, á padà wá ra ńlá, á tún ra iná tuntun, pọ́ńpù tuntun, ohun gbogbo tuntun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ta ọjà kan ṣoṣo fún un. Mi ò sọ pé gbogbo wọn ló ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é o. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó ń wọlé fún látinú irọ́ kì í tètè rántí òtítọ́.

Ó dára. Títí di 2022, àwọn wọ̀nyí ló wà lọ́dọ̀ mi: ẹja méjì, irú ẹja pupa aláwọ̀ ọsàn tó lámùrè funfun mẹ́ta lára, tí gbogbo ọmọdé ń pè ní Nemo nítorí eré àwòrán tó jáde ní 2003, edé pupa kan tó máa ń nu ara ẹja, ìgbín márùn-ún, àti iyùn oríṣi mẹ́ta. Nínú ẹja méjèèjì, obìnrin ló tóbi jù. Gbogbo irú ẹja yìí, akọ ni wọ́n ń jẹ́ ní kékeré. Èyí tó bá di ọ̀gá láàárín wọn ló ń di abo, tó sì ń darí ilé. Nígbà tí mo ka èyí sí ìyàwó mi létí, ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ ò rí nǹkan! Nínú omi ni ọ̀rọ̀ ti yé wọn." Àwọn ọmọ sọ abo náà ní Ìyáàfin. Bó bá rí àbíkẹ́yìn mi tó ń bọ̀ láti ilé ìwé, á wá síwájú gíláàsì, á máa jù síhìn-ín jù sọ́hùn-ún. Ẹ rò pé mo ń ṣe àsọdùn. Ẹ lọ ra ẹja kí ẹ rí.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, mo ra ńlá. Ó gùn ní 120 sẹ̀ǹtímítà, ó fẹ̀ ní 60, ó ga ní 50. Bí mo bá bu omi sí i kó ku díẹ̀ kó kún, lítà 345 ni. Omi yẹn nìkan lé ní 350 kílò, ẹ ò tíì ka gíláàsì, ẹ ò tíì ka òkúta. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onípákó, ẹ pe ẹni tó mọ̀ nípa ilé kíkọ́ kí ẹ tó gbé irú rẹ̀ wọlé. Ìsàlẹ̀ ni èmi ń gbé, ilẹ̀ oníkankéré ni, nítorí náà mo bọ́ nínú ìyẹn.

Mo padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà láti béèrè bí mo ṣe máa kó wọn. Ọkùnrin mìíràn ló dá mi lóhùn lọ́jọ́ náà. Ó ní kò le rárá: kí n kó gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan, omi àtijọ́, òkúta àtijọ́, iyanrìn àtijọ́. Ó ní inú iyanrìn yẹn ni ẹ̀mí wà, pé bí mo bá kó o, táńkì tuntun á ti dàgbà lọ́jọ́ tí mo bí i. Ọ̀rọ̀ dídùn! Ó tún ní kí n má gbàgbé pé ibi tó ṣẹ́kù á gba ẹja sí i, ó sì mú mi lọ wo aláwọ̀ búlúù kan.

Ọjọ́ Àìkú ni, lẹ́yìn ìsìn. Mo ní kí Dàpọ̀ bá mi mú bọ́kẹ́ẹ̀tì. A kó ẹja sínú ọ̀kan, edé àti iyùn sínú èkejì, a fa omi àtijọ́ jáde. Omi tuntun ti wà nínú táńkì ńlá láti àárọ̀. Èmi ni mo po iyọ̀ sí i, mo pò ó bí ẹni ń po ẹ̀bà. Ọwọ́ mi ni mo fi wọ̀n ọ́n. Ìgbà tó kan iyanrìn, mo fi abọ́ bù ú. Bí mo ti bù ú dé ìsàlẹ̀, ó dúdú. Òórùn kan jáde bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Dàpọ̀ fọwọ́ dí imú, ó ní, "Dádì, ṣé bó ṣe yẹ kó máa rùn nìyí?" Mo ní kó dákẹ́, pé mo mọ ohun tí mò ń ṣe, pé ọmọ apẹja ni mí.

Nígbà tí a parí, omi náà dà bí ẹ̀kọ́ mímu. Wọ́n ní yóò tòrò. Mo lọ sùn.

Aago mẹ́rin àárọ̀ ni mo máa ń jí fún iṣẹ́ àárọ̀. Mo tan iná pálọ̀. Edé ti kú, ó dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyáàfin wà lókè omi, ó ń mí gúlegúle, ara rẹ̀ ti ṣá. Mo wọn omi, mo bá amóníà níbẹ̀ tó yẹ kí n má bá rárá. Mo pe ibi iṣẹ́ pé ara mi ò yá, irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa fún wọn láàárín ọdún mọ́kànlá. Mo ń pààrọ̀ omi títí ilẹ̀ fi mọ́. Kó tó di aago méje, Ìyáàfin ti lọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, iyùn méjì nínú mẹ́ta ti yòrò bí ọṣẹ. Àbíkẹ́yìn mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ìyá rẹ̀ ní kí n fi í sílẹ̀.

Kí ló pa wọ́n? Mo ti ní àkókò láti rò ó. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó jẹrà máa ń di amóníà, májèlé gidi ni. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń sọ ọ́ di náítíráìtì, èyí tí òun náà kò dára, àwọn mìíràn á wá sọ ìyẹn di náítíréètì, tí ẹja lè gbà mọ́ra bí kò bá pọ̀ jù. Àwọn kòkòrò wọ̀nyí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé inú omi. Ara nǹkan ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́: ara òkúta, ara iyanrìn, inú asẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ní omi àtijọ́ ni àṣírí, ó ń fi yín ṣeré. Òkúta ni àṣírí. Iyanrìn náà ní kòkòrò rere ní ojú òkè, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, níbi tí atẹ́gùn kò dé, ìdọ̀tí ọdún méjì ló wà níbẹ̀. Bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án, ó lè sùn síbẹ̀. Bí ẹ bá bù ú, ẹ ti ṣí ṣáláńgá sínú yàrá tí ọmọ ń sùn sí. Ohun tí ọkùnrin yẹn pè ní ẹ̀mí ló pa ẹ̀mí.

Ṣùgbọ́n mi ò ní di gbogbo ẹ̀bi lé e lórí. Edé yẹn, èmi ni mo pa á. Nígbà tí mo ya ohun tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, mo rí i pé táńkì àtijọ́ ti wà ní 36, omi tí mo pò wà ní 31. Bí mo ti gbé edé kúrò nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo jù ú sínú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ bàbá mi ló tàn mí. Lórí ọ̀sà, bí òjò bá dé, iyọ̀ á dín. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi òkun á wọlé, iyọ̀ á lé. Ẹ̀pìyà inú ọ̀sà mọ̀ ọ́n, ó ti bá a dàgbà, kò sí ohun tó kàn án. Mo rò pé ẹja ni gbogbo ẹja. Àpáta iyùn kò mọ irú ayé bẹ́ẹ̀: lọ́dún mọ́dún, omi rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. Ohun tí ẹ̀dá ibẹ̀ kò kọ́ láti ọdún gbọ́n-ọn-nọ́n, mo fẹ́ kí edé kan kọ́ ọ ní ìṣẹ́jú kan. Ìmọ̀ bàbá mi kò ní àbùkù. Èmi ni mo gbé e lọ síbi tí kò jẹ́ tirẹ̀.

Bó ṣe yẹ kí n ṣe é rèé, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbọ́. Kí táńkì tuntun dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtijọ́. Kí iyanrìn inú rẹ̀ jẹ́ tuntun. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ bu kọ́ọ̀pù kan láti ojú òkè ti àtijọ́ sí i, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Kí omi ibẹ̀ jẹ́ omi tí wọ́n ti sẹ́ títí tí kò fi sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́, kí ẹ tó po iyọ̀ òkun sí i. Nǹkan bíi kílò méjìlá ni táńkì tèmi gbà, kì í sì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa yí, kó máa lọ́wọ́ọ́wọ́ ní ìwọ̀n 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius, fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n, kó bá ti àtijọ́ dọ́gba. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé òkúta, ní tútù, nínú omi táńkì rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń fi omi ẹ̀rọ ṣan òkúta kó lè dán, kẹ́míkà tí ìjọba fi pa kòkòrò nínú omi yẹn kò mọ kòkòrò rere yàtọ̀ sí búburú. Ẹ wọn amóníà lónìí, ẹ wọ̀n ọ́n lọ́la. Iyùn tẹ̀ lé e, ẹja ló máa kẹ́yìn. Iná tuntun tó lágbára, ẹ tàn án ní ìdajì, kí ẹ máa fi í lé díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iyùn tó yè á funfun lójú yín.

Nǹkan kan tún wà tí wọn kì í sọ fún yín lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Àwọn iyùn rọ̀bọ̀tọ̀ kan tó dà bí bọ́tìnnì aláwọ̀ mèremère, tí owó wọn kò wọ́n, àwọn kan nínú wọn ní májèlé tó lè pa ènìyàn. Ní 2018, ní abúlé Steventon ní Oxfordshire, ìdílé kan ń tọ́jú táńkì wọn, wọ́n yọ irú iyùn yìí jáde, májèlé rẹ̀ sì gba inú ilé kan. Àwọn àti àwọn panápaná tó wá ràn wọ́n lọ́wọ́ dé ilé ìwòsàn. Ìgbà tí ènìyàn ń kó táńkì ló sì máa ń ha òkúta. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo ojú, ẹ má ṣe gbé òkúta náà sínú omi gbígbóná láé.

Mo mọ àwọn tó kó tiwọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí nǹkan kan kò ṣe. Bí òkúta bá wà bó ti wà, tí iyanrìn bá jẹ́ tuntun, tí ẹja kò pọ̀ sí i, kòkòrò tó ń gbọ́ bùkátà tẹ́lẹ̀ á ṣì máa gbọ́ ọ. Ìyẹn ni pé kí ẹja má pọ̀ sí i! Ibẹ̀ ni mo tún ti fẹ́ bá àwa olùràwọ̀nyí jà. Táńkì ńlá kì í tíì gbẹ lára tí a fi ń wá ẹni tó máa kún un. Ẹja búlúù tí wọ́n mú mi lọ wò lọ́jọ́ yẹn, èyí tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Nemo nínú eré, kò gùn ju ìka mi lọ nínú ṣọ́ọ̀bù. Bó bá dàgbà, ó lè gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, asáré ni, kì í dúró síbì kan. Táńkì mítà kan lé díẹ̀ tí mo fi ń yangàn, pálọ̀ ẹ̀wọ̀n ni lójú rẹ̀. Nítorí náà, kí n ra á, kí táńkì ńlá tún di kékeré, kí n tún padà lọ ra tó ńlá jù ú lọ. Ta ló ń jèrè? Kì í ṣe ẹja, kì í sì í ṣe èmi awakọ̀, tí owó iná mànàmáná Bìrìtìkó ọdún 2022 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lé lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Àwọn kan á ní, kí ló dé tí ẹ ò fi gbogbo wọn sílẹ̀ nínú òkun? Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju ẹ̀fẹ̀ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ní Indonéṣíà àti Filipíìnì, àwọn apẹja kan ti fi sáyánáìdì mú ẹja fún irú wa. Ó ń mú ẹja dákú, ó sì ń pa iyùn tó yí i ká. Mi ò lè gbèjà ìyẹn. Ẹja alámùrè mẹ́ta, wọ́n ti ń bí i nínú ilé láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹja búlúù, ọdún 2016 ni àwọn ará Yunifásítì Florida àti àwọn tó bá wọn ṣiṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọmọ rẹ̀ tọ́ dàgbà, èyí tó pọ̀ jù lọ lọ́jà sì ń wá láti inú òkun síbẹ̀. Iyùn, a lè gé e bí ẹ̀gẹ́ kí á gbìn ín. Ìdáhùn mi ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ rà á béèrè pé níbo ni wọ́n ti bí i. Bí ẹni tó ń tà á kò bá mọ̀, kí ó dá a padà sínú àwo rẹ̀, kó lọ sílé. Bí a bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù á mọ̀ ọ́n kí oṣù tó parí.

Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọkùnrin àgbà tí mo bọ̀wọ̀ fún, bi mí lójú gbogbo ènìyàn pé, "Bàbá Dàpọ̀, mélòó ni ẹ̀ ń ná lórí omi yìí, tí àwọn ènìyàn yín ní Èpẹ́ sì wà níbẹ̀?" Mo dá a lóhùn pé, "Ẹ má bínú, sà. Mi ò mu sìgá, mi ò ta tẹ́tẹ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìdáhùn yẹn kò tó. Owó kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni pé mo gba ẹ̀dá alààyè sọ́dọ̀, mi ò sì wá wákàtí méjì kí n kà nípa rẹ̀, nígbà tí mo fi odidi ọjọ́ kan wá pọ́n-ùn mẹ́wàá ẹ̀dínwó lórí gíláàsì.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́dọ̀ àwọn oníṣọ́ọ̀bù kò pọ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sára gíláàsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye owó, bí ẹja náà ṣe máa gùn tó bó bá dàgbà. Kí wọ́n yé ta táńkì àti ẹja fún ẹnì kan náà lọ́jọ́ kan náà. Bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò bá tíì lè ra táńkì tó gba omi tó pọ̀, kí wọ́n ní kó lọ kó owó jọ, tàbí kó sin ẹja omi dídùn ná. Bí wọ́n bá ní àwọn á pàdánù oníbàárà, kí wọ́n pàdánù rẹ̀.

Ẹja kékeré tó ṣẹ́kù, ọkọ Ìyáàfin, kò kú. Ó fara pamọ́ sẹ́yìn òkúta fún oṣù kan gbáko. Lẹ́yìn ìyẹn ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, ó ń sanra, ó ń gbójú. Mo fi ọdún kan sílẹ̀ láìfi nǹkan kan kún inú táńkì yẹn. Nígbà tí mo wá ra ẹyọ kan tó kéré sí i, èyí tí wọ́n bí nínú ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, àgbà náà lé e kiri fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì gbà á. Ó ti di abo báyìí. Àbíkẹ́yìn mi ló kọ́kọ́ rí i, òun náà ló sì ní a ò gbọdọ̀ pè é ní Ìyáàfin.

Táńkì 54 lítà náà wà ní kọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi ń kó bàtà sí. Lóṣù tó kọjá, aládùúgbò mi kan kanlẹ̀kùn, ó fẹ́ rà á fún ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀ tó pé ọdún méje. Ó ti rí ẹja Nemo méjì tó fẹ́ rà, ó ti fi owó sílẹ̀. Mo ní mi ò tà. Ó ní kò burú, òun á lọ ra tuntun ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní kó kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ mi ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kó mú ọmọ rẹ̀ dání, kí á jọ po iyọ̀, kí á jọ wọ̀n ọ́n. Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. Ṣùgbọ́n ó wá, aago mẹ́sàn-án kò tíì lù, ọmọ náà sì wọ bàtà òjò.